Bàtà àti Ṣòkòtò Jíìnsì ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn bàtà ní ilẹ̀ Yorùbá, ìhà Ọ̀yọ́ ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà awọ pọ̀ sí láti ayébáyé. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń yan bàtà, ìyẹn ni pé kí ènìyàn wo ṣòkòtò tí ó wọ̀, kí ó wo ibi tí ó ń lọ, kí ó wá mú bàtà kan kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀, etí òkun Ìlàjẹ ni kí ó gbà lọ. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti máa ń bá ẹsẹ̀ jiyàn. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ìlú kan wà tí ó ń ṣe bàtà ní àsìkò tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà kò ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ tí yóò fi ra bàtà.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ó kángun sí òkun ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Máhìn àti Ugbò ni ìlú àtijọ́ tí òkìkí wọn kàn jù níbẹ̀. Amapetu ni oyè ọba Máhìn, Olúgbò sì ni ti Ugbò. Ìgbókòdá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, òun náà ni ibi tí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi ti ń pàdé. Láti ibẹ̀ títí dé ojú òkun, omi ni ọ̀nà. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Aràrọ̀mí, iyanrìn wà ní etí òkun bí ó ti wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, sí Ayétòrò, títí dé Awóyè, iyanrìn a fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ka etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Máhìn yìí sí ọ̀tọ̀ láàárín gbogbo etí òkun Nàìjíríà. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, ó jinlẹ̀, ó sì lè gbé ẹsẹ̀ mì títí dé orúnkún. Nítorí náà ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ́ ilé wọn sórí òpó igi, tí wọ́n sì ń fi afárá pákó so ilé mọ́ ilé àti àdúgbò mọ́ àdúgbò.

Ní irú ibẹ̀, kò yani lẹ́nu pé ẹsẹ̀ lásán ni ẹsẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Apẹja tí ó dúró ní orí ọkọ̀ ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ di pákó ọkọ̀ mú bí ó ti ń ju àwọ̀n. Bí ó bá wọ bàtà, bí ẹni tí ó di ojú ara rẹ̀ ni. Obìnrin tí ń yan ẹja tí ó sì ń sá edé kò rí ohun tí yóò fi bàtà ṣe lórí pákó tí omi ẹja ti mú kí ó máa yọ̀. Bàtà jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun oyè. Ọba ni ó ń wọ bàtà ìlẹ̀kẹ̀, ìjòyè sì lè wọ sálúbàtà aláwọ ní ọjọ́ àjọ̀dún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà gbọ́ pé láti ara ilé iṣẹ́ Bata ni Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tomáš Baťa, ará Zlín ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní ọdún 1894, orúkọ ìdílé wọn ni wọ́n sì fi pè é. Kí a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ni Yorùbá ti ń pe bàtà ní bàtà. Orúkọ méjèèjì kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Èyí sì jẹ́ èrè ọ̀fẹ́ fún oníṣòwò náà nígbà tí ọjà rẹ̀ dé ní àkókò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ó bá àwọn ènìyàn tí ó ti ń polówó ọjà rẹ̀ fún un láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé!

Àwọn Òyìnbó tètè dé etí òkun yìí. Ní ọdún 1885, aṣojú Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg, bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun náà, ilẹ̀ Jámánì sì dì í mú fún oṣù díẹ̀ kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nínú ọdún kan náà. Epo àti ekùrọ́ ni wọ́n bá wá. Kì í ṣe nítorí àtiwọ àwọn ènìyàn ní bàtà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn akọ̀wé àti àwọn olùkọ́ wá sọ bàtà aláwọ dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ di àmì ẹni tí ó ti ka ìwé. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ẹsẹ̀ mọ ẹni tí ó jókòó nínú ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń wọ inú omi.

Bí èyí ti ń lọ, agbára mìíràn dìde tí ó ní kí àwọn ènìyàn bọ́ bàtà. Ní ọdún 1925 ni Moses Orimọlade àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Kérúbù àti Séráfù lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ kí ìsìn aláṣọ funfun tó tàn ká inú omi Ìlàjẹ, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní olónìí, Síónì ni orúkọ tàbí apá kan orúkọ àwọn ìletò kan níbẹ̀. Àṣẹ tí Mósè gbà níwájú igbó tí ń jó, pé kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ mímọ́ ni ó dúró lé, ni àwọn aláṣọ funfun ń tọ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Biléwu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ̀tọ̀nóvò ní ọdún 1947, tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà, ìbáà ṣe nínú ilé ìsìn, ìbáà ṣe lójú títì. Fún ọmọ Ìlàjẹ, òfin yìí kò nira bí ó ti nira fún ará Èkó tí ọ̀dà títì ń jó ní ẹsẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ ní inú omi ni ìsìn wá fi ọ̀wọ̀ kún.

Nínú ọdún 1947 kan náà, ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ni àwọn ènìyàn kan tí ó ti ara Kérúbù àti Séráfù yà sọ́tọ̀ lọ tẹ ìlú Ayétòrò dó sí bèbè òkun, lórí ẹrẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Ohun tí wọ́n kà nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, pé àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú ń jùmọ̀ ní ohun gbogbo ní ìṣọ̀kan, ni wọ́n mú lò bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Ẹja tí a pa, àpò kan ni owó rẹ̀ ń wọ̀. Kò sí owó oṣù, kò sí ọjà láàárín ọmọ ìlú. Ìlú ni ó ń bọ́ ènìyàn, ìlú ni ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ìlú ni ó ń kọ́ ilé fún un. Fún ìgbà kan, wọ́n tilẹ̀ ya ibùgbé àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò ní ti àwọn obìnrin.

Ohun tí ìlú náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láàárín ọdún díẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu. Wọ́n gbẹ́ odò la inú ẹrẹ̀ já. Ní ọdún 1953 ni iná mànàmáná tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ilé ìhunṣọ, ilé ìránṣọ, ilé búrẹ́dì, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ bàtà. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ níbi ti bàtà yìí. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ohun tí ilẹ̀ bèèrè ni àwọn ará Ayétòrò rò, ọkọ̀ àti àwọ̀n ni wọn ìbá máa ṣe, wọn kì bá ti dá iṣẹ́ bàtà sílẹ̀ ní orí ẹrẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rò ju èyíinì lọ. Wọ́n fẹ́ fi han àwọn tí ó lé wọn àti àwọn tí ó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé kò sí ohun tí Òyìnbó ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn kò lè ṣe. Afárá pákó ìlú náà sì mú kí bàtà wúlò, nítorí pé orí igi gbígbẹ ni ènìyàn ń rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, tí ẹrẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó rán bàtà náà kò lè tà á fún aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà kò sì lè sọ pé irú èyí kọ́ ni òun fẹ́, kí ó mú owó jáde kí ó ra òmíràn. Àwọn kan pe ìgbé ayé yìí ní párádísè, àwọn mìíràn pè é ní ìgbèkùn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ ní ti àwọn àgbà tí ó fúnra wọn yan Ayétòrò. Nígbà tí wọ́n ti yan ìlú, wọ́n ti yan bàtà mọ́ ọn. Ti àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ni ó ṣòro. Àwọn ni a yan ohun gbogbo fún. Ní ọdún 1968 ni ètò náà yí padà, tí a gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti máa ṣiṣẹ́ kí ó sì máa ní owó lọ́wọ́ ara rẹ̀. Stanley Barrett, tí ó gbé nínú ìlú náà láti ṣe ìwádìí, tí ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1977, ṣe àlàyé bí ọrọ̀ àjọni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lẹ́yìn èyí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà pẹ̀lú ni ọ̀dọ́ Ayétòrò ti lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá, kí ó dúró níwájú àtẹ, kí ó sì ronú.

Ohun tí ó sì ń bọ̀ wá bá a lórí àtẹ náà ni ṣòkòtò jíìnsì.

Iṣẹ́ líle ni a dá ṣòkòtò yìí sílẹ̀ fún. Jacob Davis, aránṣọ kan tí a bí ní Riga tí ó sì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó ronú kan ìṣó bàbà kéékèèké mọ́ etí àpò ṣòkòtò kí ó má bàa tètè ya. Ó lọ bá Levi Strauss, oníṣòwò aṣọ ní San Francisco tí òun náà jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì, àwọn méjèèjì sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí ọdún 1873. Àwọn awakùsà, àwọn daran-daran àti àwọn lébìrà ni wọ́n ń tà á fún. Bí a ti ń hun aṣọ rẹ̀ ni pé okùn òró a jẹ́ aláró, okùn ìbú a sì jẹ́ funfun. Aró náà kì í wọ inú òwú dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyí tí jíìnsì fi ń ṣí bí a bá ti ń fọ̀ ọ́.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí ẹ̀kọ aró ìyá rẹ̀. Aró ni ó sọ àdìrẹ Abẹ́òkúta di olókìkí, aró kan náà ni a fi ń pa òwú ẹtù ní dúdú minimini. Ewé ni gbogbo ayé fi ń ṣe aró títí di ọdún 1897 tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí a fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí ọmọ Ìlàjẹ wá ń fi owó ẹja ra aṣọ aláró tí ó ti òkè òkun dé, ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ni, tí ó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni jíìnsì di ti gbogbo ayé ní Nàìjíríà. Owó epo rọ̀bì ti dé. Ìgbìmọ̀ Údòjì dá àbá àfikún owó oṣù ní ọdún 1974, àwọn òṣìṣẹ́ gba owó ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú owó yìí sì wọ ọjà aṣọ àti bàtà. Ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò ni ó wà lóde nígbà náà. Yorùbá kò ní í ka èyí sí ohun tuntun, nítorí pé wọ́n ti mọ kẹ̀ǹbẹ̀ tí ó fẹjú àti ṣọ́ọ́rọ́ tí ó fún mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹni tí ó wọ ọ̀kan kì í rìn bí ẹni tí ó wọ èkejì. Bí ẹnu ṣòkòtò bá gbòòrò, bàtà náà gbọ́dọ̀ ní ara, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ga. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ yóò bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ènìyàn yóò sì dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ rárá. Bàtà gàráńtì ni wọ́n ń pe èyí tí ó ga jù. Àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ Èkó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ṣòkòtò náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé kí a jẹ́ kí Èkó mọ́ tónítóní, nítorí pé ó ń gbá ilẹ̀ ìgboro kiri. Ní etí òkun Ìlàjẹ, kò sí eruku tí yóò gbá. Ẹrẹ̀ ni yóò kó. Gìgísẹ̀ gíga sì rèé, àlàfo tí ó wà láàárín pákó kan àti èkejì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi bàtà gàráńtì gun afárá pákó, kí ó máa wo ilẹ̀ bí ó ti ń lọ.

Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í wọ irú ìmúra bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. A ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, a fi bàtà sínú àpò ọ̀rá, a fi ẹsẹ̀ lásán tàbí sílípáàsì onírọ́bà wọ ọkọ̀, ó di ìgbà tí ó bá dé Ìgbókòdá kí ó tó fọ ẹsẹ̀ kí ó sì wọ ohun tí ó mú dání. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Iyọ̀ inú omi òkun ń mú kí awọ le kí ó sì là, ó ń mú kí ìṣó àti ìdè bàtà dípẹtà. Jíìnsì fúnra rẹ̀ wúwo gan-an bí omi bá ti wọ̀ ọ́, kì í sì í tètè gbẹ. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ṣòkòtò tí a fi ń ṣe fáàrí a máa fa ènìyàn sí ìsàlẹ̀, bàtà olókùn tí a so le a sì di ẹrù kejì lẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó mọ òkun ni ó mọ èyí.

Ìgbà Údòjì kò pẹ́. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní ọdún 1986 tí owó náírà sì já wálẹ̀, jíìnsì tuntun kúrò ní ohun tí ọmọ apẹja lè rà. Bọ́síkọ́nà ni ó kù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní òkìrìkà. Ìjọba ti kà á sí ọjà èèwọ̀, síbẹ̀ ó ń wọlé. Bọ́síkọ́nà sì yí ọ̀nà ìyàn padà. Ẹni tí ó lọ sí ilé ìtajà ń béèrè ohun tí ó fẹ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òkìtì aṣọ ń wá ohun tí òkìtì náà ní. Ó lè rí ṣòkòtò kí ó má rí bàtà tí ó bá a mu fún oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà tí ó lè bá ju irú ṣòkòtò kan lọ rìn. Kanfáàsì ni ó gba ipò yìí: ó bá jíìnsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbọọrọ mu, ó bá èyí tí ó fún mọ́ ẹsẹ̀ bíi ṣọ́ọ́rọ́ mu, a lè fọ̀ ọ́ bí ẹrẹ̀ bá ta sí i, oòrùn ọjọ́ kan sì lè gbẹ ẹ́. Bí ìgbéyàwó tàbí ìdúpẹ́ bá dé, jíìnsì dúdú tí kò tí ì ṣí pẹ̀lú bàtà aláwọ tí a fi pólíìṣì nù kò ti ènìyàn lójú. Ti jíìnsì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ya ní orúnkún ni àwọn àgbà ìjọ kò tí ì gbà, wọn kò sì ní ìdí tí wọn yóò fi gbà á. Aṣọ tí òṣìṣẹ́ fi ìṣó bàbà gbà lọ́wọ́ yíya, kí ọmọ rẹ̀ wá fi owó ra èyí tí ó ti ya!

Irú bàtà kan tún wà tí epo rọ̀bì gbé dé etí òkun yìí: bútù tí irin wà ní imú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ jíìnsì pẹ̀lú bútù yìí ní Ìgbókòdá, àwọn ènìyàn yóò rò pé ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo. Ìrètí iṣẹ́ náà àti ìbànújẹ́ ilẹ̀ tí ń bàjẹ́ ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ láti ọ̀pọ̀ ìletò Ìlàjẹ lọ gba ibùdó epo Parabe ti Chevron lójú òkun ní oṣù Èbìbí ọdún 1998. Àwọn ológun fi ẹ̀rọ òfuurufú dé bá wọn, ẹni méjì sì kú. Àwọn ará Ìlàjẹ, tí Larry Bowoto ṣíwájú, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sì dá ilé iṣẹ́ náà láre ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2008. San Francisco ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yìí, ìlú tí Levi Strauss ti ta ṣòkòtò rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní Ayétòrò lónìí, òkun kì í ṣe ohun tí à ń wò lókèèrè mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni ó ti ń wọ ìlú láìdáwọ́ dúró. Ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ìdènà rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n omi kò dúró de agbaṣẹ́ṣe. Ó ti kó ọ̀pọ̀ ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ lọ, afárá pákó sì ti já ní ibi púpọ̀. Níbi tí pákó ti já, ẹrẹ̀ ni ó kù láti rìn, sílípáàsì onírọ́bà ni ẹsẹ̀ sì ń bèèrè, ṣòkòtò yòówù kí ó wà lókè rẹ̀. Bàtà tí ìlú náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ rà ní Ìgbókòdá, tí wọ́n ń gbé e lé orí itan nínú ọkọ̀ kí omi má bàa ta sí i.